Kí Ẹ Tó Ra Ìwé Sosiọ́lọ́jì: Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Ìwé tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ẹni

Nọ́ọ̀sì kan wá bá mi ní ilé-ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó gbé ìwé ńlá kan ka orí tábìlì, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé yìí kò ṣe é kà." Ìbéèrè kan ni ó gbé e dé ìdí ìwé náà. Ní wọ́ọ̀dù tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ti ṣàkíyèsí pé aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń pinnu ìgbà tí yóò wá sí ilé-ìwòsàn, bóyá yóò gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, tàbí ìgbà tí yóò padà sílé. Ẹbí a jókòó, wọn a sọ ọ́, wọn a tún un sọ, lẹ́yìn náà ni aláìsàn yóò tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ẹnìkan tí ó kàwé gboyè sọ fún un pé inú ìmọ̀ sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà, ó sì yá a ní ìwé The Social System, tí Talcott Parsons, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1951. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi bá ìwé náà jìjàkadì. Bébà pélébé tí ó fi sàmì síbi tí ó kà dé wà ní ojú-ewé kọkànlá.

Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín ní kíkún, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ènìyàn máa ń wá, wọ́n á ní kí a bá àwọn yan ìwé sosiọ́lọ́jì kan tí ó dára. Ìwé tí wọ́n yá nọ́ọ̀sì yìí dára, ó sì lókìkí. Ó ṣòro kí ènìyàn kọ́ ìmọ̀ yìí ní yunifásítì kí ó má gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó sọ irú ìwé tí ó jẹ́ fún un, kò sì sí ẹni tí ó tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀. Bí a bá tò wọ́n sórí pẹpẹ, gbogbo ìwé yìí jọ ara wọn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a kọ sí ẹ̀yìn wọn. Nínú lọ́hùn-ún, wọ́n yàtọ̀ síra bí iṣu tútù ṣe yàtọ̀ sí èlùbọ́: ibì kan náà ni méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ro àmàlà ní ìrọ̀lẹ́ òní mọ èyí tí yóò rà.

Kí a tó pín wọn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ìmọ̀ náà ń wá. Orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí, ọwọ́ Auguste Comte, ará Faransé, ni ó ti di mímọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1830, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis, ti kọ̀wé ní 1377 lórí ohun tí ó ń so àwùjọ ènìyàn pọ̀ débi tí wọ́n fi ń gba ìjọba, àti ohun tí ó ń tú wọn ká nígbà tí ìgbádùn bá wọ̀ wọ́n lára. Nínú ìwé tí C. Wright Mills kọ ní 1959, The Sociological Imagination, àpẹẹrẹ kan wà tí ó ṣí ojú mi sí i. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ìlú tí ó ní 100,000 ènìyàn, ìṣòro tirẹ̀ ni, kí a wo ìwà rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí 15 mílíọ̀nù bá wà láìníṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó ní 50 mílíọ̀nù òṣìṣẹ́, kò sí bí a ṣe lè rí ìdáhùn nínú ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ́. Ètò ìlú ni a ní láti yẹ̀ wò. Ìdí èyí kejì ni sosiọ́lọ́jì wà.

Tíọ́rì ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dẹ́rù ba òǹkàwé. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Tíọ́rì jẹ́ àlàyé nípa bí nǹkan ṣe so mọ́ra, èyí tí a lè gbé kúrò níbi tí a ti kọ́kọ́ rí i lọ dán wò níbòmíràn. Akinsola Akiwowo ṣe èyí lójú wa nílẹ̀ yìí. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe tí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1980, ó mú ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà lẹ́nu gbogbo wa, àjọbí àti àjọgbé, ó sì sọ wọ́n di irinṣẹ́ ìrònú. Ẹ wo ilé àyágbé kan tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra. Kò sí àjọbí láàárín àwọn ayálégbé náà, síbẹ̀ wọ́n ń pín owó iná, wọ́n ń pín ọjọ́ tí oníkálukú yóò gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ẹnìkan sì ń bá ẹlòmíràn wo ọmọ títí yóò fi ti ọjà dé. Ní àdúgbò kejì, àgbàlá àwọn ọmọ bàbá kan náà lè wà tí ẹnikẹ́ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pín ogún. Kí ni àjọgbé lè gbé tí àjọbí kò lè gbé mọ́? Bí ẹ bá ti lè gbé ìbéèrè yìí kúrò nínú ilé yẹn lọ sí inú ọjà, tàbí sí àárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní London, tíọ́rì ni ẹ ń lò. Akiwowo kò dúró síbẹ̀. Ní 1986, ọdún tí ìwé àtìgbàdégbà International Sociology bẹ̀rẹ̀, ó kọ àròkọ kan síbẹ̀ tí ó gbé ka ewì alohùn Yorùbá. Makinde dá sí i ní 1988, Lawuyi àti Taiwo sì fèsì sí àwọn méjèèjì ní 1990. Mo ka gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra, inú mi sì dùn pé àwọn ọmọ Yorùbá jókòó ti ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n ń yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò lójú gbogbo ayé.

Ó wá kan oríṣi ìwé. Èyí tí ó rọrùn jù lọ láti dá mọ̀ ni ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, tí a kọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tóbi, orí rẹ̀ máa ń pọ̀, àwòrán àti àtẹ máa ń wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ sì máa ń sọ ohun tí onímọ̀ yìí wí àti ohun tí ti ọ̀hún wí láìjà fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí Anthony Giddens kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989, tí àkọlé rẹ̀ kò ju Sociology lọ, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù. Nígbà tí ó fi di 2021, ó ti di títẹ̀ kẹsàn-án, Philip Sutton sì ti bá a lọ́wọ́ sí i. Bí ẹ bá rí títẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ta ìwé àlòkù, ẹ lè rà á láìfòyà fún àlàyé nípa Marx, Durkheim àti Weber, àwọn mẹ́ta tí a sábà máa ń kà sí olùdásílẹ̀ ìmọ̀ yìí, nítorí àwọn yẹn ti kú, wọn kò kọ ohun tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé iye àwọn aláìníṣẹ́ tàbí iye àwọn tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì jáde láti inú rẹ̀.

Oríṣi kejì ni ìwé tí onítíọ́rì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ibí sì ni òǹkàwé ti sábà máa ń sọ owó rẹ̀ nù, nítorí pé ó gbọ́ orúkọ ńlá, ó sì rò pé ẹni tí ó dá ìmọ̀ sílẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé jù. Ṣùgbọ́n Durkheim kò kọ̀wé fún wa. Nígbà tí ó gbé ìwé rẹ̀ lórí pípa ara ẹni jáde ní 1897, àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ ni ó ń bá jiyàn, ó ń kó iye tí ìjọba àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kà sílẹ̀ jọ láti fi hàn pé ohun tí gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀ràn ọkàn ẹnìkan ṣoṣo ní ọwọ́ àwùjọ nínú, àti pé bí okùn tí ó so ènìyàn mọ́ ìdílé àti ìjọ rẹ̀ bá ṣe le tó ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń bá jiyàn yóò rò pé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ lásán ni. Ọ̀ràn pé òkú kò tún ìwé ara rẹ̀ tò náà tún wà níbẹ̀. Nínú Das Kapital, apá kìíní tí ó jáde ní 1867 nìkan ni Marx rí kí ó tó kú ní 1883. Engels, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó to apá kejì àti apá kẹta láti inú ohun tí ó fi sílẹ̀. Weber kú ní 1920, ìyàwó rẹ̀ Marianne sì ni ó ṣètò ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọrọ̀-ajé àti àwùjọ fún títẹ̀.

Bí ìwé bá jẹ́ ìtumọ̀, ẹ wo orúkọ ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú kan náà tí ẹ fi wo orúkọ òǹkọ̀wé. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí nìyí. Weber kọ àròkọ rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì àti ọrọ̀-ajé ní èdè Jámánì ní 1904 àti 1905. Ní ìparí rẹ̀, ó sọ pé àníyàn nípa ohun ìní ìbá dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ènìyàn dà bo èjìká, tí ó lè bọ́ sọ nù nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ó ti di nǹkan mìíràn mọ́ wa lára. Kí ni ó dà? Parsons kan náà tí ó kọ ìwé tí nọ́ọ̀sì gbé wá ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1930, ó sì pè é ní àgò irin. Àgò irin yìí wọ inú ìwé gbogbo. Nígbà tí Peter Baehr àti Gordon Wells túmọ̀ rẹ̀ lákọ̀tun ní 2002, wọ́n padà sí ohun tí ó wà nínú èdè Jámánì, wọ́n sì pè é ní ìkarahun tí ó le bí irin. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò kéré. Ẹni tí ó wà nínú àgò, bí a bá ṣílẹ̀kùn fún un, yóò jáde, yóò sì jẹ́ ẹni tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìkarahun kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ni ó ti hù. Àwa tí a mọ̀ pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a máa tẹ̀ lé e, kò yẹ kí a nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀: ọ̀nà tí a gbà ń ṣiṣẹ́ tí a sì ń wá owó ti wọ inú ẹni tí a jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, lọ́wọ́ atúmọ̀ kan, ni ó mú kí òǹkàwé fún bí àádọ́rin ọdún rò pé Weber ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n.

Oríṣi kẹta ni ìwé ìwádìí, níbi tí òǹkọ̀wé ti lọ sí ibì kan, tí ó bi ènìyàn léèrè, tí ó sì kọ ohun tí ó rí. W. E. B. Du Bois lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia kí ó tó kọ The Philadelphia Negro, tí ó jáde ní 1899, àkókò tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ sì ti kọjá, ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílé wa níbí, èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ fa yọ ni The Sociology of the Yoruba, ti N. A. Fadipe. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé rẹ̀, ẹ óò rí i pé ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ni ó tẹ̀ ẹ́ ní 1970. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni àwọn Yorùbá ṣe ń gbéyàwó ní 1970. Àṣìṣe gbáà ni. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni ìwé náà, èyí tí Fadipe parí ní London ní 1939. Ó kú ní 1944, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì kọjá kí àwọn olóòtú méjì tó mú un jáde. Gbogbo ibi tí ó bá ti kọ pé "lónìí", ṣáájú ogun Hitler ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 kò tíì dé nígbà náà, òmìnira kò tíì dé. Fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ẹbí, ilẹ̀ àti ìjọba ìlú ṣe rí ní ayé àwọn bàbá wa àgbà, ìṣúra ni. Fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó nísinsìnyí, kì í ṣe ibẹ̀.

Oríṣi kẹrin ni ìwé àríyànjiyàn, tí òǹkọ̀wé fi dúró lórí ohun kan ṣoṣo tí ó sì fẹ́ kí a gbà pẹ̀lú òun. The Invention of Women, tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ní 1997, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó ní kí àwọn òyìnbó tó dé, ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo kọ́ ni a fi ń to ènìyàn sí ipò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí kò ṣe ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀lé e. Ó mú èdè wa ṣe ẹ̀rí: ẹ̀gbọ́n kò sọ bóyá ọkùnrin ni, àbúrò kò sọ ọ́, ọmọ kò sọ ọ́, "ó" tí a fi ń pe ènìyàn kò sì sọ ọ́. Ní 1998, ìwé náà gba ẹ̀bùn ní abala kan nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ti Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ mìíràn takò ó gidigidi, Bibi Bakare-Yusuf lára wọn, tí ó béèrè bóyá ohun tí èdè kò sọ lè jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí nínú ayé àwọn ènìyàn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ rà á, kí ẹ sì kà á, ṣùgbọ́n kí ẹ má kà á ní òun nìkan. Ẹni tí ó bá mú irú ìwé yìí bí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ yóò máa sọ ẹjọ́ ẹnìkan kiri bí ẹni pé ìdájọ́ ni.

Àkójọ àròkọ náà wà, èyí tí olóòtú kan fi kó iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún pọ̀. Orí kan tàbí méjì ni ẹ óò sábà nílò nínú rẹ̀. Ilé-ìkàwé ni kí ẹ ti wá a, kì í ṣe ilé ìtàwé.

Bí ẹ bá dúró níwájú ẹni tí ó ń tàwé, tí ìwé sì wà lọ́wọ́ yín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ ṣí atọ́ka ọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá ohun tí ó jẹ yín lógún, ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ àìsàn. Bí ẹ bá rí ojú-ewé kan ṣoṣo níwájú rẹ̀, òǹkọ̀wé kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá ni. Bí ẹ bá rí ojú-ewé ogójì tí ó tẹ̀léra, ẹ ti rí orí tí ẹ óò kà. Ẹ wá ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti máa ń jẹ́wọ́ ẹni tí ó kọ̀wé fún. Ẹ wo ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ nìkan. Ẹ wo ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú: àwọn ilé ìtẹ̀wé yunifásítì sábà máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, èyí kò sì sí nínú ìwé tí ènìyàn kàn gbé lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé fúnra rẹ̀. Mo bẹ yín, bí ó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ kà á wò bóyá atọ́ka àti ìwé ìtọ́kasí wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn ojú-ewé yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò láti dín owó kù, àwọn gan-an ni ó sì ń fi ọ̀nà han òǹkàwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dùn mí. Àwọn ènìyàn tí orí wọn pé pérépéré máa ń gbé ìwé padà wá pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n á ní bóyá ọpọlọ àwọn ni kò gbé e. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé Mills, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ Parsons, ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ó mú ìpínrọ̀ gígùn láti inú The Social System, ó sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tún un sọ; ó ní ojú-ewé 555 inú ìwé náà lè di nǹkan bí 150 bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara kọ ọ́. Ojú rẹ̀ yọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo ṣí àtòjọ àkóónú fún un. Orí kẹwàá ìwé náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ojú-ewé 428, dá lórí iṣẹ́ ìṣègùn àti aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbẹ̀ ni Parsons ti sọ pé àìsàn jẹ́ ipò kan láwùjọ, tí ó ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe tirẹ̀: a ń yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, a kì í sì dá a lẹ́bi pé ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fẹ́ kí ara òun yá, kí ó wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ya orí yẹn ní fọ́tòkọ́pì, ó sì fi ìwé náà sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó padà. Ó ti fi bíírò pupa falà sábẹ́ gbólóhùn tí ó sọ pé aláìsàn ni kí ó wá ìrànlọ́wọ́, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ni ó wá a? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni." Ó ní òun ń fẹ́ ìwé tí yóò sọ bí àṣẹ ṣe ń rìn nínú ẹbí Yorùbá. Mo mú Fadipe sọ̀ kalẹ̀ fún un. Kò ṣí i láti iwájú. Ó yí ojú-ewé àkọlé padà, ó wo ọdún, ó ka ohun tí àwọn olóòtú kọ títí dé ìlàjì, ó sì gbójú sókè, ó ní, "Sà, ṣé ayé 1939 ni bàbá yìí ń sọ, àbí ti 1970?"